Ṣọ́ọ̀bù Tí Ó Tún Ike Alùpùpù Mi Ṣe Ní Mọ́kọ́lá

Ọdún keje nìyí tí alùpùpù mi ti ń sun ìta ní Ìbàdàn, nítorí ilé tí mo ń gbé kò ní ibi tí a lè gbé e sí. Mọ́dígáàdì iwájú rẹ̀, tí ó dúdú bí kóró iṣin nígbà tí mo rà á, ti wá rí bí eérú, bí mo bá sì fi ìka ra á, ìyẹ̀fun funfun a máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ike pupa tí ó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dán mọ́, ti apá ọ̀tún sì ti ha yánnayànna lára ògiri.

Mo ti kọ́kọ́ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa mọ́dígáàdì náà bí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti máa ń ṣe. Ó dán fún ọjọ́ kan, eruku lẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kejì, òjò sì fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni akunmọ́tò kan bá mi fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, ọ̀dà náà ti ń bó bí awọ ejò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ ní Mọ́kọ́lá ṣe ni ó mú kí n fọkàn tán an. Ó tú àwọn ike náà, ó dojú wọn dé, ó sì fi àkísà nu ẹ̀yìn wọn títí ó fi rí lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí wọn lára láti fi irú ike tí wọ́n jẹ́ hàn: PP (polypropylene) ni ti mọ́dígáàdì, ABS, irú ike mìíràn, sì ni ti ike pupa. Ó ṣàlàyé fún mi pé ike PP kì í di ọ̀dà mú bí a kò bá kọ́kọ́ fi oògùn tí yóò jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ pa á, àti pé ABS ní tirẹ̀ ń gba ọ̀dà dáadáa, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi tínà nù ún, nítorí tínà a máa jẹ ẹ́.

Ó fi ọṣẹ fọ mọ́dígáàdì náà, ó sì fi sáńdípépà ha ìyókù ọ̀dà kúrò, débi pé ojú ike náà hu irun wínníwínní. Ó wá tan ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀, bí ẹni tí ń lọ aṣọ. Ibi tí atẹ́gùn náà bá gbà kọjá, irun náà a yọ́ wọlé, eérú a pòórá, dúdú a sì yọ lójú mi báyìí. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ike PP a máa yọ́ ní nǹkan bí 160 sí 165 lórí ìwọ̀n Celsius, irú ẹ̀rọ yìí sì lè gbóná ju 500 lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró pẹ́ lójú kan yóò ba ike jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nígbà tí ọ̀gá náà fa ẹ̀rọ lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ láti parí apá ìsàlẹ̀: etí ihò nọ́ọ̀tì kan wọ́, kò sì gún mọ́ títí di òní. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ ₦2,000 kúrò nínú ₦14,000 tí a jọ fẹnu kò sí.

Ti ike pupa kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọ̀ náà wà nínú ike fúnra rẹ̀. Wọ́n fi sáńdípépà 800, 1000, 1500 àti 2000 ha á nínú omi (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sáńdípépà ń kúnná sí i), wọ́n sì fi kọ́ḿpáùn, ìyẹn oògùn ìdánǹkan, dán an. Ìlà kan péré ló kù, èyí tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń há sí i, ọ̀gá náà sì ti sọ fún mi ṣáájú pé kò ní lọ tán.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ike pupa náà ṣì ń dán, ṣùgbọ́n orí mọ́dígáàdì, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bà á tààrà, ti ń padà ṣá díẹ̀díẹ̀, nítorí iná kò lè dá oòrùn dúró. Ọ̀gá náà ti ní kí n máa fi oògùn tí ń dáàbò bo ike lọ́wọ́ oòrùn pa á lóṣooṣù, èmi ni n kò sì tètè bẹ̀rẹ̀. Owó tí mo san kò tó ìdajì iye tí wọ́n dá lé ike tuntun fún mi, nítorí náà n ó padà síbẹ̀, n ó sì bẹ ọ̀gá náà pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀rọ náà mú títí iṣẹ́ yóò fi parí.