Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì l'Aké, tàbí pálọ̀ nítòsí Camp?

Ẹni tó bá fẹ́ dá ìdàpọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lè lo gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì l'Aké. Iyì ń bẹ níbẹ̀: láti 1846 tí Townsend àti Crowther ti wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílùú yìí ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wà. Àga wà, jẹnẹrétọ̀ wà, àwọn àgbà ìjọ náà wà nítòsí.

Àmọ́ ó jìnnà sí àwọn ọmọ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lè gba oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu wọn.

Pálọ̀ nítòsí Camp, àdúgbò kan tó súnmọ́ FUNAAB, lèmi á mú. Ẹni mẹ́wàá lórí ẹní, ẹni méjì sórí Bíbélì kan, ìkòkò ìrẹsì lórí sítóòfù. Ibẹ̀ lọmọ tí kò rí owó ilé-ìwé san ti lè lanu sọ ọ́, ká gbàdúrà, ká sì jọ dáwó. (Kí orin má pẹ́ o, nítorí aládùúgbò.) Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà ìsinmi, ilé á ṣófo, àwọn tó ń darí náà á sì parí ẹ̀kọ́ wọn lọ. Nítorí náà, ẹ tètè kọ́ ẹni méjì láti ọdún kejì bí wọ́n á ṣe máa darí, kí àwọn ti ọdún àṣekágbá tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀.