Ìwé ìyá ìyàwó mi láti Puebla dé Houston: bí mo ṣe rí iṣẹ́ tí wọ́n bá wa ṣe

Ọmọ Puebla ní Mẹ́síkò ni ìyàwó mi, Houston la sì ń gbé. Láti ọjọ́ tó ti búra tó di ọmọ Amẹ́ríkà ló ti ń sọ pé ìyá òun gbọ́dọ̀ wá bá wa. Màmá ti dé báyìí. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ní Texas níbí tí wọ́n fẹ́ ará Mẹ́síkò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí: ta ló bá yín ṣe ìwé yẹn, èló ni wọ́n gbà, ṣé iṣẹ́ wọn dáa? Ìdáhùn mi rèé.

Iléeṣẹ́ aláàánú kan tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló bá wa ṣe é. Obìnrin tó mú ìwé wa kì í ṣe lọ́yà. Aṣojú tí Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni, tí òfin fún láṣẹ láti máa bá èèyàn ṣe ìwé ìgbélùú. Ìjọba kọ orúkọ gbogbo irú wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀. Owó iṣẹ́ wọn kò tó ìdajì ohun tí lọ́yà kan dá lé wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó ni mo ṣe ń yìn wọ́n. Wọ́n máa ń sọ òótọ́, àní èyí tí etí kò fẹ́ gbọ́.

Màmá nìkan kọ́ ló wà ní Puebla. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Àbíkẹ́yìn wọn náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn ti kú. Ọ́fíìsì kan tí a kọ́kọ́ yà sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé owó orí, sọ fún wa pé kí a mú dọ́là 3,000 wá, pé kó tó pé ọdún méjì gbogbo wọn á ti dé. Inú ìyàwó mi dùn débi pé ó ti ń wá yàrá tí oníkálùkù á sùn sí. Irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Aṣojú yìí ṣí ìkéde físà tí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde lóṣooṣù, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ fún wa. Òbí ọmọ Amẹ́ríkà, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, àwọn yẹn kì í tò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń tò. Físà 65,000 ni òfin yà sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dún fún gbogbo ayé, òfin kan náà ò sì jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan gbà ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àwọn físà tí wọ́n ń tò fún. Àwọn ará Mẹ́síkò tó wà lórí ìlà pọ̀ débi pé nínú ìkéde ọdún 2025, àwọn tí ẹbí wọn fi ìwé sílẹ̀ ní 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè. Mo wo ìlà tí Nàìjíríà wà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù: nǹkan bí 2008 ni tiwa wà. Àwa tí a rò pé a ń jìyà! Ìyàwó mi sunkún. Obìnrin náà kò kán an lójú, ó jẹ́ kó sunkún tán kó tó tẹ̀síwájú.

Ti àbíkẹ́yìn ló dùn wá jù. Ẹnikẹ́ni á rò pé ọmọ ọdún 15 á tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà òbí wọlé, òun nìkan ló ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n tó máa tò ju ogún ọdún lọ lè mú ìyàwó àti ọmọ tí kò tíì pé 21 dání, ṣùgbọ́n ìyá tí kì í tò kò lè mú ọmọ tó ṣì ń lọ sí ilé ìwé dání. Àfi kí Màmá kọ́kọ́ dé, kó gba gíríìnì káàdì, kó wá fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà, kí ọmọ náà sì dúró fún ọdún díẹ̀ láìṣègbéyàwó. Kò sí èyí tí ọ́fíìsì àkọ́kọ́ sọ fún wa nínú gbogbo rẹ̀.

Kó tó gba owó wa, ó pe Màmá lórí fóònù, ó bá wọn sọ ọ́ ní èdè Sípéènì: "Ta ni ọmọ yìí á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀? Bí ẹ bá ti gba káàdì, ẹ ò ní lè máa pẹ́ ní Mẹ́síkò mọ́." Ó tún béèrè bóyá wọ́n ti gbé ní Amẹ́ríkà láìníwèé rí, nítorí láti 1996 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ 180 lọ, tó wá jáde, ọdún mẹ́ta ni ilẹ̀kùn á fi tì mọ́ ọn, tó bá tó ọdún kan, ọdún mẹ́wàá. Màmá kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ wọ́n ní kí a fún àwọn láyè lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló wá ní kí wọ́n máa lọ, pé ilé òun ni ọmọ náà á máa gbé.

Fọ́ọ̀mù I-130, èyí tí èèyàn fi ń béèrè pé kí ẹbí òun wá, kò le fúnra rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti kún un, dọ́là 625. Lórí bébà, 675 ni. Ohun tó fẹ́ dá wa dúró kéré gan-an. Nínú ìwé ìbí ìyàwó mi, "Ma. Guadalupe" ni wọ́n kọ sí orúkọ ìyá rẹ̀. Nínú ìwé ìbí Màmá àti páàsìpọ́ọ̀tù wọn, "María Guadalupe" ni. Wọ́n máa ń gé María kúrú bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́síkò, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i nílé. Ṣùgbọ́n ìwé ìbí yìí la fẹ́ fi jẹ́rìí pé Màmá ló bí ìyàwó mi. Aṣojú náà fi bírò pupa yí "Ma." yẹn ká lórí fọ́tòkọ́pì, ó ní kí a tún un ṣe ní Registro Civil, ọ́fíìsì tó ń kọ ìwé ìbí, ní Puebla kí a tó fi ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí èyí tuntun dé, wọ́n ti kọ àtúnṣe náà sí etí ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìwé yìí fún òbí ní Nàìjíríà, tó rí i tí orúkọ kan ṣoṣo ní sípẹ́lì mẹ́ta, á mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Ó tún gbà wá lówó ìnáàádànù. USCIS, àjọ ìjọba tí a kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí, ń fẹ́ kí a túmọ̀ gbogbo ìwé sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti dé National Visa Center ní New Hampshire, níbi tí wọ́n ti ń to ìwé jọ kó tó kan ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ń gba ìwé Sípéènì bó ṣe wà fún ẹni tó ń lọ gba físà ní Mẹ́síkò. A ò sanwó ògbufọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé onígbọ̀wọ́, I-864, ló mú mi ní ọ̀rọ̀ sọ jù. Èèyàn márùn-ún ni wá bí a bá ka Màmá mọ́ ọn, iye tó sì yẹ kó máa wọlé fún wa lọ́dún 2025 kò gbọ́dọ̀ dín ní dọ́là 47,062. Owó iṣẹ́ tèmi la fi kún ti ìyàwó mi, ni èmi náà fi fọwọ́ síwèé. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i títí tí mo fi kà á tán: àdéhùn náà ò tán àfi tí Màmá bá di ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tí iṣẹ́ tí wọ́n kà fún wọn bá pé ìdá-mẹ́rin ọdún lọ́nà 40, ìyẹn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tí wọ́n bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ pátápátá, tàbí tí ikú bá dé. Ìkọ̀sílẹ̀ ò tú u. Ó dáa kí ọkọ tàbí aya mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé bírò.

Ciudad Juárez ni wọ́n rán Màmá lọ, ní ẹnu ibodè, òdìkejì El Paso. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe físà ìgbélùú fún Mẹ́síkò, ibi yòówù kí èèyàn ti wá. Àyẹ̀wò ara, ìtẹ̀ka, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwé pélébé kan tí aṣojú náà kọ ní Sípéènì wà nínú báàgì wọn, ó to ohun tí wọ́n á mú dání lẹ́sẹẹsẹ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ò pẹ́ rárá.

Owó ìjọba nìkan, láìka ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ òfuurufú: 625, 325 fún físà, 120 fún ìwé onígbọ̀wọ́, 235 fún káàdì. Dọ́là 1,305.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá iléeṣẹ́ aláàánú yìí wí ni fóònù. Wọn kì í gbé e. Ẹ ó fi ohùn sílẹ̀, ẹ ó sì máa retí. Òṣìṣẹ́ wọn kò tó nǹkan, èrò wọn sì pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ní kí a tún ìwé owó orí kan fi ránṣẹ́, àwa la kọ́kọ́ rí i lórí àkáǹtì físà wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe àwọn. Ẹ máa ṣí àkáǹtì yín wò fúnra yín.

Màmá ti fi ìwé sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn wọn. Ìyàwó mi náà ti fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ìwé bá wọlé ni wọ́n fi ń to èèyàn sórí ìlà. Aṣojú náà ní kí a kọ nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀ síbi mẹ́ta, kí a sì máa sọ fún ìjọba nígbàkigbà tí a bá kó kúrò nílé, torí pé bí wọ́n bá kọ̀wé pe ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan, tí ọdún kan sì kọjá láìsí ìdáhùn, wọ́n lè fagi lé e. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa ní Houston, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní Puebla.