Irúgbìn Pópì Tàbí Èyí Tó Ti Hù Nínú Ike: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó ní ọgbà òdòdó tí oòrùn ń ràn sí dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ òdòdó pópì tí wọ́n ń pè ní Papaver orientale, ìyẹn irú èyí tí ń ti ara gbòǹgbò rẹ̀ hù padà lọ́dọọdún, yóò rí ohun méjì lórí àtẹ: irúgbìn inú páàkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀gbìn inú ike. Mo ti ra méjèèjì fún ọgbà mi ní Kent.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kàgbákò. Mo rí pópì kan tó ń jẹ́ ‘Patty’s Plum’ nínú ọgbà aládùúgbò kan, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ wọ̀ mí lójú, mo sì lọ ra irúgbìn tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí lára lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fọ́n ọn ní oṣù Kẹrin, mo ń tu koríko ìdí rẹ̀, mo sì dúró di oṣù Kẹfà ọdún kejì, torí pé pópì yìí kì í sábà tanná lọ́dún tí a fọ́n irúgbìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n là, gbogbo wọn ló pọ́n bí epo. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé irú àwọn pópì olórúkọ báyìí kì í fi irúgbìn bí irú ara wọn. Gbòǹgbò wọn ni àwọn tó ń sìn wọ́n ń gé ní ìgbà òtútù, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kó lè hù. Bí ó bá jẹ́ ‘Patty’s Plum’ tàbí ‘Perry’s White’ ni ọkàn yín fà sí, ẹ ra ti inú ike. Ẹni tó fẹ́ pupa lè ra irúgbìn ‘Beauty of Livermere’, torí èyí sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀.

Ní ti owó, irúgbìn ló dínwó jù. Ní ti àkókò, ti inú ike ló yá jù.

A kì í lọ́ pópì bí ẹni lọ́ ata, nítorí olórí gbòǹgbò rẹ̀ gùn, kò sì fẹ́ kí a yọ òun lẹ́nu. Ẹ wo ìdí ike kí ẹ tó sanwó. Bí gbòǹgbò bá ti ká jọ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Irúgbìn tí a fọ́n sí ibi tí yóò dàgbà sí kò ní ìṣòro yìí. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un hù.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ewé rẹ̀ yóò gbẹ lẹ́yìn òdòdó, ní bí oṣù Keje. Kò kú o, ẹ má hú u.

Fún ẹni tí kò lè dúró, ti inú ike dára. Ní tèmi, páàkẹ́ẹ̀tì ‘Beauty of Livermere’ ni mo rà lọ́dún yìí fún etí ògiri tó kọjú sí gúúsù, àwọn tó pọ́n bí epo yẹn sì ṣì wà láàyè wọn, wọ́n ń tanná lọ́dọọdún.