Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ yìí ò ní parọ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá ti fún un ní nọ́ńbà táyà tó tọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ wá ń pààrọ̀ táyà sí i, tín-ín-rín fún títì ọ̀dà, fífẹ̀ fún ọ̀nà eléruku, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí mò ń lò yìí, tó ń sọ bí mo ṣe ń sáré tó àti bí mo ṣe rìn jìnnà tó, oníwáyà ni, kò ní GPS tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi téèyàn wà. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára sípóòkù iwájú, sẹ́ńsọ̀ wà lára fọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kó ka iye ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá, kó wá fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Táyà wo lẹ wọ̀ ọ́, kò mọ̀ o.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Táyà 700x25c (700 ni ìwọ̀n wíìlì, 25 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà) tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi mílímítà 2105 ló máa rìn, 700x40c máa rìn tó 2200. Ríìmù kan náà ni wọ́n ń wọ̀, gíga rọ́bà ló yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi 2105 sílẹ̀ tẹ́ ẹ gbé 40c wọ̀ ọ́, ó máa fi nǹkan bíi mítà 43 dù yín nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sáré kìlómítà 30 láàárín wákàtí kó sọ pé 28.7! Láàárín 25c sí 28c ṣá, kò tó nǹkan, ẹ má da ara yín láàmú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé ó ń gba mílímítà gan-an, ó sì ń tọ́jú táyà méjì, A àti B. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n wíìlì 26 tàbí 700 nìkan ni wọ́n ní kẹ́ ẹ yàn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà inú ìwé ẹ̀ o. Ìwé ní 2200 fún 40c, tèmi lórí ríìmù tèmi 2178 ló jẹ́, torí táyà ilé iṣẹ́ kan ò rí bíi ti ìkejì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ àti bí èèyàn ṣe wúwo tó náà sì ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ máa ń lò, ẹ gbé ẹnu túùbù wálẹ̀ pátápátá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ jókòó lé e kí ẹnì kan di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ yí i lọ tààrà títí ẹnu túùbù á fi padà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ sàmì, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí 5. Táyà iwájú o, torí ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà.

Ohun tó ń bí mi nínú: lẹ́tà A àti B yẹn ti kéré jù, tẹ́ ẹ bá sì ti ń sáré ó máa pòórá lójú ẹ̀, èèyàn lè fi nọ́ńbà táyà àná rìn jìnnà. Tí bátìrì bá tún kú, gbogbo ẹ̀ ló máa parẹ́, torí náà ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ibì kan.

Oní-GPS ò bìkítà nípa táyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi tó ṣú, lójú ọ̀nà tó ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, ó máa ń gé kọ́nà jẹ, eléyìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ wíìlì odindi lẹ máa ń pààrọ̀, kí wíìlì kọ̀ọ̀kan ní mágínẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kí ó sì sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ dáadáa, tó bá jìnnà jù kò ní kà á rárá.