Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ámípù kan ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀: wọ́n wá ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe

Àwa tí a ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde ayẹyẹ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò tú ámípù (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè), ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó, níbi tí wọ́n ti bá mi tún ámípù gìtá oníwáàtì 65 ṣe. Oní-tiransísítọ̀ ni ámípù náà (tiransísítọ̀ ni ohun èlò tí ń darí iná nínú ẹ̀rọ), kì í ṣe irú èyí tí ó ń lo túùbù onígíláàsì.

Ohun tí ó ṣe é kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń lo irú rẹ̀. Bí a bá ti tan án, sípíkà yóò hó ramúramù, ojú rẹ̀ yóò yọ síta, kò sì ní padà sẹ́yìn títí fíúsì yóò fi jó. Nínú irú ámípù yìí, ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ apá tí ń ti ohùn lọ sí sípíkà: fóòtì 38 ní apá pọ́sítíìfù, àti fóòtì 38 mìíràn ní apá nẹ́gẹ́tíìfù. Tiransísítọ̀ ńlá kan ni ó ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan gìtá, ojú ibi tí a so sípíkà mọ́ gbọ́dọ̀ wà ní òdo tàbí kí ó sún mọ́ ọn gan-an. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jó, tí iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, gbogbo fóòtì 38 náà ni yóò rọ́ lu sípíkà, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú sípíkà kì í sì í pẹ́ jó bí fíúsì kò bá tètè gbà á sílẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, yọ tiransísítọ̀ ńlá méjèèjì dànù, ó fi tuntun sí i, ó sì gba owó rẹ̀. Ámípù náà dún dáadáa nígbà ìdánrawò orin ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n kí ìsìn ọjọ́ Àìkú tó parí, ó ti jó padà. Inú mi kò dùn sí i rárá, nítorí pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun tí ó jó láìwá ohun tí ó jó o, owó oníbàárà ni ó ń fi ṣòfò.

Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù Sábó kò tilẹ̀ ki áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti lẹ ohun èlò mọ́ bọ́ọ̀dù, bọ iná ní ọjọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ já sípíkà kúrò, ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó sì rí óòmù 6.5 (óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), èyí tí ó dára fún sípíkà tí wọ́n kọ óòmù 8 sí lára. Lẹ́yìn èyí, ó fi rẹsísítọ̀ ńlá kan, ohun èlò tí ń dí iná lọ́wọ́, fa iná tí ó kù nínú àwọn kapásítọ̀ jáde, nítorí pé wọ́n máa ń di iná mú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ámípù kúrò lára iná. Mo ti rí àwọn tí ń fi sukurudiráfà kàn án kí ó lè ta, èyí tí ó léwu fún wọn àti fún kapásítọ̀ náà. Inú mi dùn pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kan àwọn tiransísítọ̀ ńlá náà, tí nọ́ńbà wọn jẹ́ TIP142 àti TIP147, mítà dún pìì láti ẹsẹ̀ kọlẹ́kítọ̀ dé ẹsẹ̀ ẹmítà àwọn méjèèjì, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ti jó, ọ̀kan nínú àwọn rẹsísítọ̀ olóòmù 0.22 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti já. Mo béèrè bóyá kò ní kúkú fi tuntun sí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kàn fi tuntun sí i báyìí, kí ẹ tó gbé e dé Mayfair, ẹ ó ti máa pè mí.”

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi irú nǹkan báyìí ru iná NẸ́PÀ tí ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tiransísítọ̀ ńlá náà, tiransísítọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ irin fífẹ̀ tí ń fa ooru kúrò lára wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa mọ bí irin náà ṣe gbóná tó, kí ó sì máa dín iná tí àwọn ńlá ń jẹ kù bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ó bá já, àwọn méjèèjì yóò ṣí pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, iná yóò sì máa gba àárín wọn kọjá láti apá pọ́sítíìfù sí apá nẹ́gẹ́tíìfù títí wọn yóò fi jó. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ó fún mi ní gíláàsì tí ń mú kí nǹkan tóbi lójú, mo sì fi ojú ara mi rí òrùka dúdú tín-ín-rín kan tí ó yí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ kékeré náà ká, níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti sán. Bí ó bá fi ìka tì í, mítà yóò fi hàn pé ó kan ara. Bí ó bá gbọ́wọ́ kúrò, á já. Inú àpótí kan náà ni sípíkà àti bọ́ọ̀dù wà nínú irú ámípù yìí, gbígbọ̀n tí ó sì ń gbọ̀n láti ọdún dé ọdún ni ó sán lẹ́ẹ̀dì náà. Ìdí rèé tí àtúnṣe àkọ́kọ́ fi dún ní Sátidé tí kò sì rí ọjọ́ Àìkú parí.

Ó tún fi àsítóònù, èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu ojú ọ̀kan nínú àwọn tiransísítọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ fi sí i, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára sì pa rẹ́. Ayédèrú ni. Àwọn tí òun fi sí i kò parẹ́ nígbà tí ó nù wọ́n lójú mi. Ó pààrọ̀ rẹsísítọ̀ tí ó já, ó jó lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ kékeré náà tuntun, ó sì fi abala máíkà àti gíríìsì funfun sí abẹ́ àwọn ńlá, nítorí pé ẹ̀yìn wọn jẹ́ irin tí iná wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fara kan irin afàooru ní tààrà.

Kò kàn tan án bẹ́ẹ̀. Ó so gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100, irú èyí tí ó máa ń gbóná, sí àárín iná àti ámípù. Bí ibì kan bá ṣì ń jo iná nínú ámípù, gílóòbù náà yóò tàn rokoṣo, kò sì ní sí ohun tí yóò jó. Ó tàn fìrí bí àwọn kapásítọ̀ ti ń kún, lẹ́yìn náà ó ṣú. Kí ó tó so sípíkà mọ́ ọn, ó wọn ojú ibi tí sípíkà ń gbà, ó rí mílífóòtì 12, tí ó sún mọ́ òdo, ó sì wọn rẹsísítọ̀ olóòmù 0.22 náà, ó rí nǹkan bíi mílífóòtì 5, èyí tí ó fi hàn pé iná díẹ̀ ni àwọn ńlá ń jẹ. Ó jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, ó tún wọ̀n ọ́n, iye náà kò sì gùn sókè.

Àwọn ibi tí ó kù sí wà. Ṣọ́ọ̀bù náà há, ó máa ń pẹ́ lórí iṣẹ́ ju bí ó ti ṣèlérí lọ, kì í sì í gbé fóònù bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Kò ní ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán ohùn hàn lójú, nítorí náà etí àti mítà nìkan ni ó fi ń mọ̀ bóyá ohùn ń ya. Fún ámípù onítúùbù, èmi kò ní gbé e lọ síbẹ̀. Kò fún mi ní rìsíìtì títí mo fi béèrè, ẹnu lásán ni ó sì fi ṣèlérí pé òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù kan. ₦18,000 ni ó gbà, pẹ̀lú owó ohun èlò, mo sì rò pé ó tọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó gbé ámípù àti sípíkà rẹ̀ dání pọ̀, kí ó sọ gbogbo ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ tú u ṣe sí i, kí ó sì kó ohun èlò tí wọ́n yọ dání, nítorí òun yóò béèrè fún wọn.