Wáìnì inú ìkòkò ní Kakheti: ilé ẹbí ni kí ẹ lọ

Bí ẹ bá ní àbúrò tó ń kàwé ìṣègùn ní Tbilisi, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, bíi tèmi, ẹ má kàn lọ kí i kí ẹ padà sílé. Kakheti, níbi tí wọ́n ti ń pọntí jù ní Jọ́jíà, kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ.

Ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ la bá lọ. Ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wa dé kò wù mí: wọ́n rọ ọtí díẹ̀ sí ife ike, wọ́n sáré sọ ìtàn, ó di ṣọ́ọ̀bù. Máàkì méjì nínú mẹ́wàá, mo ṣàánú wọn ni.

Ilé ẹbí kan nítòsí Sighnaghi, ìlú kékeré kan ní Kakheti, ni mo torí ẹ̀ kọ èyí. Ẹ wọ yàrá ìpọntí wọn, ẹnu ihò nìkan lẹ máa rí nílẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ràgàjì tó ń jẹ́ qvevri ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wọ́n sì ti fi ìda oyin ra inú rẹ̀. Omi àjàrà, èèpo, kóró, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á dé e pa fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ilẹ̀ ló ń mú un tutù. Èèpo yẹn ló ń sọ ọtí funfun di aláwọ̀ oyin, tí á sì máa fa ẹnu pọ̀. UNESCO ti kọ ọgbọ́n yìí mọ́ àjogúnbá aráyé láti 2013. Rkatsiteli, ọtí tí wọ́n fi àjàrà funfun ibẹ̀ ṣe, ni wọ́n bù fún mi. Ife kìíní kò bá mi lára mu, àfìgbà tí oúnjẹ dé.

Oúnjẹ ọ̀hún ńkọ́! Mtsvadi, ẹran tí wọ́n fi ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ sun. Búrẹ́dì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀. Ìgbá díndín tí wọ́n fi awùsá òyìnbó lílọ̀ sí nínú. Ẹran náà kò ní ata rárá, ẹ béèrè ajika, ata tiwọn nìyẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹ́ tètè sọ.

Bàbá onílé ni tamada, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ife tó kan ẹnu. Ó dárúkọ àlàáfíà, ó dárúkọ àwọn òbí, ó dárúkọ àwọn tó ti kú. Nígbà tó kàn mí, mo ṣàdúrà fún wọn bí àgbà ṣe ń ṣe níbi ìkómọ. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pariwo "Gaumarjos!", ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá gbé ife sókè.

Chacha tó kẹ́yìn, ògógóró inú èèpo àjàrà ni. Kí awakọ̀ má fọwọ́ kàn án. Mo fún wọn ní mẹ́sàn-án. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló jẹ ọ̀kan tó kù. Bó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá lẹ ń lọ, ìgbà ìkórè nìyẹn, ẹ tètè pè wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì gba takisí tiyín.