Ètò oúnjẹ aṣaralóore ìjọba Nàìjíríà: iṣẹ́ tó dé ọwọ́ wa, àti ibi tó ti há

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ètò oúnjẹ aṣaralóore ìjọba àpapọ̀ ṣe ń lọ sí, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni kó gbà lọ nígbà Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ, kì í ṣe Àbújá. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo rí níbẹ̀ wú mi lórí. Wọn a fi téèpù kékeré wé apá òsì ọmọ. Bí ó bá dúró lórí àwọ̀ ewé, kò séwu, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró lórí pupa, tí apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunrekánú tó le ni, wọn a sì sọ ibi tí ìyá yóò gbé ọmọ náà lọ fún un. Wọn a gé orí kóró fítámì A, wọn a fún un sí ọmọ lẹ́nu: aláwọ̀ búlúù fún ọmọ oṣù 6 sí 11, aláwọ̀ pupa fún èyí tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún. Wọn kò gba kọ́bọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé fítámì wà, oògùn aràn kò sí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì mìíràn ni ìyẹn ti ń wá. Ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kọ́ nìyí.

Lókè, Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Oúnjẹ Aṣaralóore wà, tí Igbákejì Ààrẹ jẹ́ alága rẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìṣúná ló sì ń kó gbogbo ẹ̀ka jọ: ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́, omi àti ọ̀rọ̀ obìnrin. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ọmọ tó ń jẹun dáadáa tó sì ń mu omi ẹlẹ́gbin kò lè sanra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ìpàdé kọ́ ló ni àpò owó àwọn tó ń wá sí ìpàdé. Ó lè kọ lẹ́tà sí wọn, kò lè ná owó wọn. Bí owó ẹ̀ka kan bá tètè jáde tí ti èkejì sì falẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ló máa fara gbá a.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ náà ti yọrí wà: ẹ wo iyọ̀. Láti ọdún 1993 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo iyọ̀ tí à ń jẹ ní áyódíìnì nínú, kí gẹ̀gẹ̀ lè dínkù. Àwọn tó ń ṣe iyọ̀ kò pọ̀, SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yọrí. (Ta ló tiẹ̀ ń rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tó bá ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀?)

Ní ọdún 2025 ni wọ́n ṣí ètò Nutrition 774, tí wọ́n fẹ́ fi gbé iṣẹ́ yìí dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Inú mi dùn sí i, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ló ti há. Síbẹ̀, bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ́fíìsì báyìí ni yóò san owó báyìí, ìgbìmọ̀ mìíràn ni wọ́n kàn fi kún un.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún àwọn nọ́ọ̀sì ní mẹ́rin ààbọ̀, mo fún ìṣàkóso òkè ní méjì. Ẹ gbé ọmọ yín lọ, ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹ sì béèrè oògùn aràn kí ẹ tó kúrò, nítorí pé wọn kì í sọ pé kò sí àyàfi tí ènìyàn bá béèrè.